Ọjọ́ Tí A Gun Kẹ̀kẹ́ Lọ sí Abẹ́òkúta

Èmi ni mo kọ́ ìyàwó mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò ní yé èèyàn tó bí kò bá mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ni mò ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdérí ìgò. Lọ́dún tí mo pé àádọ́ta, dókítà tó máa ń yẹ̀ wá wò níbi iṣẹ́ wọn ìfúnpá mi, ó ní kí n wá nǹkan kan máa ṣe tí yóò máa mú mi làágùn. Mo ní mò ń làágùn níbi iṣẹ́. Ó ní irú òógùn yẹn kọ́. Mo bá ra kẹ̀kẹ́ ológeere kan, tòkunbọ̀, ní Agége. Mo pààrọ̀ ṣéènì rẹ̀ àti bíréèkì rẹ̀ fúnra mi, mo sì ń gùn ún ní ìdájí kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Ìyàwó mi ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọgbà, níbi tí à ń gbé. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún bí oṣù kan. Lẹ́yìn náà ló sọ lọ́jọ́ kan pé, "Dádì, ẹ kọ́ èmi náà." Láti ìgbà tí a ti bí àkọ́bí wa la ti ń pe ara wa ní Dádì àti Mọ́mì. Àwọn ọmọ ti kúrò nílé, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò bá wọn lọ.

Ó ti lé lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́ta nígbà yẹn, kò sì gun kẹ̀kẹ́ rí. Ó ní nílé wọn ní Ìjẹ̀bú, àwọn ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin nìkan ni bàbá òun máa ń gbé e fún. Ọjọ́ Ìsinmi ni mo fi ń kọ́ ọ, lẹ́yìn ìsìn, ní àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́, nítorí pé ọjọ́ yẹn nìkan ni òpópónà ibẹ̀ máa ń dá. A ó ká sùtánà wa sínú àpò, a ó wọ aṣọ míì. Àwọn tírélà á wà létí ọ̀nà láìsí awakọ̀, òórùn bisikíìtì á ṣì máa ti ibì kan jáde, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á sì gbé àga síta láti wò wá. Ó ṣubú, ó dìde. Ó tún ṣubú. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà pariwo sí i lọ́jọ́ kan pé, "Mọ́mì, ẹ yé wolẹ̀! Iwájú ni kẹ́ ẹ máa wò!" Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jọ̀wọ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà láìsọ fún un, ó sì lọ títí dé ìkóríta kó tó mọ̀ pé òun nìkan ni.

Ẹgbẹ́ kan wà tí ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta lọ́dọọdún. Wọn á kóra jọ ní Ìkẹjà láàárọ̀ Sátidé, wọn á sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Abẹ́òkúta, wọn á gùn ún padà lọ́jọ́ kejì. Bọ́ọ̀sì kan á máa tẹ̀ lé wọn fún ẹni tó bá rẹ̀. Nígbà tó ti mọ̀ ọ́n gùn dáadáa, mo ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan fún òun náà, mo sì forúkọ àwa méjèèjì sílẹ̀. Kí n sọ òótọ́, n kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé mo rò pé ó lè gùn ún débẹ̀. Èrò mi ni pé yóò bá mi dé Sángo, yóò wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀, a ó sì jọ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan fúnra wa, irú èyí tí a kò ní láti ìgbà tí a ti bímọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo là á sílẹ̀ fún un. Mo ní, "Ká jọ lọ, ká jọ dé. Ibi tí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá ti kọṣẹ́, ibẹ̀ làwa méjèèjì á ti wọ bọ́ọ̀sì." Ó ń ran fóòmù pẹlẹbẹ mọ́ ìdí ṣòkòtò tí a fẹ́ wọ̀, kí ìjókòó má baà bó wa lára. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Mo gbà pé ó ti gbọ́.

A gbéra ní Ìkẹjà kí oòrùn tó yọ. A tó bí ọgọ́ta, olúkúlùkù pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn. Nígbà tí a dé Abúlé Ẹ̀gbá, ilẹ̀ ti mọ́, àwọn èrò tó wà nínú bọ́ọ̀sì BRT ń na ọrùn wò wá. Ọkùnrin kan pe ìyàwó mi láti ojú fèrèsé pé, "Ìyá oníkẹ̀kẹ́, ibo lẹ ń lọ?" Ó dá a lóhùn pé, "Abẹ́òkúta!" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbọ́ àwàdà. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ọ̀nà Sángo kò dára. Omi wà nínú àwọn kòtò, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kò sì lè mọ bí kòtò ti jìn tó. Iwájú ni mo wà, mò ń fi ọwọ́ júwe ọ̀nà fún un. A dúró jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà. Mo bi í pé, "Ṣé kò tíì rẹ̀ ọ́?" Ó ní rárá. Mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi tán, mo tún bi í. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Kété tí a kọjá Ìfọ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì kọjá lára mi pẹ̀lú orin lẹ́nu. N kò mọ ohun tó wọ̀ mí lórí. Mo tẹ̀ lé wọn, mo sì sáré títí mo fi lé wọn bá lórí òkè. Mo kọjá wọn. Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn ìyẹn tí pajápajá mú mi ní itan, orókún mi ọ̀tún sì gan. Mo rọra wó lé koríko etí ọ̀nà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ lórí mi. Àwọn ọ̀dọ́ náà ló gbé e kúrò, wọ́n fẹ̀sọ̀ na ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí ìyàwó mi dé, ó kúnlẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra itan náà, ṣùgbọ́n orókún náà kò jẹ́ kí n dìde.

Bọ́ọ̀sì dé. Àwọn tó ń bójú tó wa gbé kẹ̀kẹ́ mi sórí rẹ̀, wọ́n sì gbé èmi náà sínú. Ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ ìyàwó mi, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ ìdarí rẹ̀ mú.

"Mọ́mì, wọlé ká lọ," ni mo wí.

Ó wò mí. Ó wo ọ̀nà. "Ṣé ẹsẹ̀ yẹn ò burú ju báyìí lọ?"

"Kò burú. Wọlé."

"Tí kò bá burú, ẹ jẹ́ kí n máa gùn ún bọ̀."

Mo ní, "Ṣé bí a ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, Dádì. Èmi ò fèsì."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó fi ìgò omi rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, nítorí pé tèmi ti dànù nígbà tí mo ṣubú, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì lọ. Mo rí fóòmù tó rán mọ́ ìdí ṣòkòtò, ó ti yọ létí kan. Ọ̀gọ̀rọ̀ ọdún la ti jọ ń gbé, n kò rántí ìgbà kankan tí mo dúró lójú kan tí òun ń lọ.

Bọ́ọ̀sì lé e bá kó tó dé Pápálántó. Awakọ̀ fun fèrè fún un, ó sì rọra lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n lè rí i. Kò yíjú. Ọ̀nà iwájú ló ń wò. Awakọ̀ ní, "Bàbá, ìyàwó yín le o." Mo ṣí ìgò omi rẹ̀, mo mu nínú rẹ̀. Àwa márùn-ún la wà nínú ọkọ̀ náà.

Bọ́ọ̀sì já wa sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Abẹ́òkúta, ó sì padà lọ bá àwọn tó kù lójú ọ̀nà. Mo wẹ̀, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú. Ojú ọ̀run ṣú. Mo fẹ́ kí òjò rọ̀. Mo fẹ́ kí táyà rẹ̀ jò, kó sì rẹ̀ ẹ́ ní ibi tí bọ́ọ̀sì ti lè rí i gbé. N kò ro nǹkan wọ̀nyí bí ẹni tó ń gbèrò ibi. Wọ́n kàn ń wá sọ́kàn mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì jókòó tì wọ́n. Òjò kò rọ̀.

Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ní méjì méjì, ní mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn ọ̀dọ́ méjì tí mo lé dé, wọ́n kí mi, wọ́n bi mí léèrè ẹsẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n rí ìyàwó mi. Wọ́n ní àwọn rí i ní Ewékorò, ó ń bọ̀. Wákàtí kan kọjá. Àwọn tí mo rò pé wọ́n lọ́ra jù ú lọ ti dé tán. Ìgbà yẹn ni inú mi yí padà. Mo rántí àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì tó ń sáré lójú ọ̀nà náà. Mo pe fóònù rẹ̀, kò wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí n óò sọ fún àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ṣáájú àti èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Mo tiro sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ojú títì, mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìgbálẹ̀ tí mo yá lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì.

Ó yọ ní ìsàlẹ̀ òkè, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó dàgbà jù mí lọ dáadáa, àti ọmọbìnrin kan wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rẹ́rìn-ín nǹkan kan. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, ó gun kẹ̀kẹ́ náà, ó sì fẹsẹ̀ wà á wá dé iwájú mi bí ẹni tí kò sọ̀ kalẹ̀ rárá láti Ìkẹjà.

"Ẹ ti jẹun?" ló kọ́kọ́ wí.

Mo ní mi ò tíì jẹun. Mo ní fóònù rẹ̀ kò wọlé. Ó ní iná fóònù ti tán, pé táyà òun jò, òun sì ti gbàgbé bí mo ṣe kọ́ òun láti pààrọ̀ túùbù, pé bàbá yìí ló bá òun ṣe é. Bàbá náà ní, "Kò gbàgbé o. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, ní ẹsẹẹsẹ, bí ẹ ṣe kọ́ ọ."

Nígbà oúnjẹ, olórí ẹgbẹ́ ní kí àwọn tó bá ń gùn ún fún ìgbà àkọ́kọ́ tó sì gùn ún débẹ̀ dìde. Ó dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ, ó nawọ́ sí mi, gbogbo ojú sì yí sọ́dọ̀ mi. N kò mọ bó ṣe yẹ kí n jókòó. Mo gbé ife omi, mo rí i pé kò sí omi nínú rẹ̀.

Nínú yàrá, ó bu òrí sí ọwọ́, ó ń fi ra orókún mi. Ó ní, "Ṣé inú ń bí yín?"

"Rárá."

"Irọ́ ni."

"Ó bí mi," mo wí. "Bọ́ọ̀sì fun fèrè fún ọ, o ò bojú wò mí."

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. "Tí mo bá wò yín," ó ní, "ǹ bá ti sọ̀ kalẹ̀."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó ṣe, mo bi í bí Ewékorò ṣe rí, nítorí pé mo sùn nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí a kọjá ibẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, eruku funfun lórí ewé, àti ọmọléèwé kan tó bá a sáré títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn.

Lọ́jọ́ kejì, orókún náà ti dẹ̀ díẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ ní kí n wọ bọ́ọ̀sì. Mo ní n óò gbìyànjú. Ìyàwó mi ní, "Tí ẹ bá máa gùn ún, ẹ̀yìn mi lẹ máa wà. Ẹ ò ní sáré." Mo gbà. Bí a ṣe gùn ún padà nìyẹn, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. N kò tíì rí i láti ẹ̀yìn rí lórí kẹ̀kẹ́. Ó máa ń gbé èjìká ọ̀tún ga ju tòsì lọ. Bí kòtò bá wà, á fọwọ́ júwe rẹ̀ fún mi, bí mo ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n òun tún máa ń dín eré kù títí á fi gbọ́ pé mo ti kọjá. Èmi kì í dín eré kù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la dúró sinmi, a sì wà lára àwọn tó kẹ́yìn dé Ìkẹjà.

Lọ́jọ́ Ajé, orókún mi wú, mo gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta níbi iṣẹ́. Nígbà tó di Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá àgbà tí wọ́n jẹ́ olórí ẹgbẹ́ obìnrin dá wa dúró nínú ọgbà.

"A ò rí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Abẹ́òkúta la lọ, mà," ni ìyàwó mi wí. "Kẹ̀kẹ́ la gùn lọ."

Ẹnu ya ìyá àgbà. "Kẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń ná Abẹ́òkúta báyìí?"

"Ológeere ni, mà."

Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, láìsí bàtà, bí wíwú orókún ti sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ gùn ún débẹ̀?"

Ìyàwó mi ń wo ọwọ́ sùtánà rẹ̀. Mo rí i pé èmi ló fi ìdáhùn náà sílẹ̀ fún.

"Ìyàwó mi ló gùn ún débẹ̀, mà," mo wí. "Bọ́ọ̀sì ló gbé èmi."

Ìyá àgbà wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n wo èmi náà. "Ẹ ò ní fi ẹ̀rín pa mí," wọ́n wí, wọ́n sì lọ síbi tí wọ́n ti ń pín omi. Ìyàwó mi gba Bíbélì ọwọ́ mi mọ́ tirẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ mi, a sì rọra ń rìn lọ sílé.