Ọjọ́ Mọ́kànlélógún tí Lẹ́tà Owó Orí Lò Lórí Pẹpẹ

Yàrá mẹ́fà péré ló wà nínú hòtẹ́ẹ̀lì Sẹ̀gilọlá Akínọ̀ṣọ́. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ sí Eleko kó tó kú, nítòsí ibi tí àwọn apẹja ń fa ọkọ̀ wọn gòkè sí. Lópin ọ̀sẹ̀, àwọn tó wá wo òkun máa ń gba yàrá mẹ́ta. Láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté a gba ọ̀kan tàbí méjì. Owó ibẹ̀ ló ń jẹ, òun náà ló fi rán Ìyanu, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ sí yunifásítì. Kì í jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ìdámẹ́wàá rẹ̀ kì í pẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ará káńsù ń já fún un lóṣooṣù, ó fi gbogbo rẹ̀ kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé owó orí lòun ń san yẹn.

Ọjọ́rú kan ni lẹ́tà ọ́fíìsì owó orí dé. Ó tú u, ó rí iye tó wà lójú ewé: mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó náírà, gbèsè ọdún márùn-ún. Ó pa á dé. Ó tì í bọ inú Bíbélì, ó fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ méjìlá, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Tó bá fẹ́ ka Bíbélì láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ti orí fóònù ló ń kà.

Lọ́jọ́ kejìlá, ó gbé e lọ fún Wòlíì Akínbọ̀dé, olùṣọ́ ìjọ aláṣọ funfun tó ń lọ. Wòlíì kò tú u. Ó dì í mú, ó dijú.

"Ìyá, ẹ má fòyà. Ọjọ́ mọ́kànlélógún lórí pẹpẹ. Ẹ mú àbẹ́là méje wá."

Kò sí ohun àjèjì níbẹ̀. Nínú ìjọ wọn, ìwé ilé-ẹjọ́ a máa wà lórí pẹpẹ, èsì àyẹ̀wò ọsibítù náà a máa wà níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù yunifásítì Ìyanu ti wà níbẹ̀ rí, ọmọ náà sì wọlé. Fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, Sẹ̀gilọlá ń lọ kúnlẹ̀ láràárọ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí àwọn tó kọ lẹ́tà náà gbàgbé òun. Ó mọ̀ pé àdúrà náà kò fi bẹ́ẹ̀ dára. Kò rí òmíràn gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó pé, Wòlíì gbé lẹ́tà lé e lọ́wọ́. "Ẹ gba ọ́fíìsì owó orí lọ tààrà, ìyá. Ẹ má yà síbì kankan."

Bó ṣe lọ nìyẹn, nínú sùtánà, láìwọ bàtà, nítorí wọn kì í wọ bàtà sí aṣọ àdúrà. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ ní Lekki, títì ọ̀dà ti gbóná.

"Mọ́mì, bàtà yín dà?" ni sẹ́kúríìtì ẹnu géètì bi í. "Àbí àwọn ará ibí ti gbà á kí ẹ tó wọlé?"

"Mi ò wọ̀ ọ́ wá, ọmọ mi."

"Ẹ rántí mi nínú àdúrà o. Èmi tí mò ń ṣọ́ wọn gan-an, wọ́n ń yọ tèmi lóṣooṣù."

Bàlíkísù lorúkọ obìnrin tó dá a lóhùn nínú ọ́fíìsì, ọ̀dọ́ kan tó wọ híjáàbù aláwọ̀ eérú. Ó fi èékánná họ àbẹ́là tó ti kán sára ìwé náà, tó sì ti gan. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ìgbà wo lẹ gba lẹ́tà yìí, mà?"

"Ó ti lé ní oṣù kan díẹ̀."

"Ṣé ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀?"

Sẹ̀gilọlá wò ó. "Ó ní ẹ̀yìn?"

Bàlíkísù yí i padà, ó fi bírò tọ́ka sí i. Ẹni tí kò bá gbà pé iye náà tọ́ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fi kọ̀wé wá. Sẹ̀gilọlá ní òun ti ń san tíkẹ́ẹ̀tì káńsù lóṣooṣù.

"Tíkẹ́ẹ̀tì káńsù yàtọ̀ sí owó orí, mà. Ẹ ò mú ìṣirò yín wá rí, la ṣe fojú bù ú. Iye kan náà la bù fún ọdún kọ̀ọ̀kan."

"Ọdún kòrónà ńkọ́? Wọ́n ti etíkun pa. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ẹnikẹ́ni ò sùn nílé mi. Ìwé àlejò mi wà nílé, kò sí orúkọ kankan nínú ẹ̀!"

"Ká ní ẹ mú ìwé yẹn wá lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, à bá tún ti ọdún yẹn ṣírò. Ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n nìyí. Owó náà ti dúró bẹ́ẹ̀."

Sẹ̀gilọlá tún yí ìwé náà padà sí iwájú. "Kí ló wá kù?"

"Ẹ lè san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

"Mi ò ní in."

"Tẹ́ ẹ bá jókòó tì í, wọ́n á wá ti géètì yín pa. Èyí tó kù ni kí ẹ kọ̀wé bẹ Ọ̀gá: kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì fojú fo owó ìtanràn àti èlé tó wà nínú rẹ̀. Ó lè gbà, ó lè má gbà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó mú yín pẹ́. Ẹ mú un wá láàárín ọ̀sẹ̀ yìí."

Ìdí yẹn ló di wàhálà. Taofeek, awakọ̀ tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí èbúté, tó háyà yàrá kẹrin lóṣooṣù, ní òun mọ dókítà kan ní Addo tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá a dùbúlẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé pé lẹ́tà wà lórí pẹpẹ lẹ fẹ́ kọ sí ìjọba? Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, wọ́n á máa fi ṣẹ̀fẹ̀!"

"Kí wọ́n ṣẹ̀fẹ̀."

"Tí wọ́n bá ti géètì ńkọ́? Èmi pẹ̀lú ẹrù mi, orí pẹpẹ yẹn la máa sùn?"

Sẹ̀gilọlá rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ju géètì lọ ni pé ọ̀pọ̀ jù nínú ọjọ́ tó yẹ kó fi kọ̀wé, orí ìkúnlẹ̀ ló ti lò wọ́n. Ọlọ́run ń wò ó níbẹ̀. Ọlọ́run mọ ohun tó wà lẹ́yìn ìwé náà. Sẹ̀gilọlá kò bínú. Ó kàn fẹ́ mọ ìdí tí Ọlọ́run kò fi sọ fún òun ni.

Ó lọ bá Wòlíì. "Bàbá, ṣé ẹ ka lẹ́tà yẹn?"

"Rárá, ìyá. Èmi kì í ka lẹ́tà ẹni ẹlẹ́ni." Wòlíì wolẹ̀. "Ó yẹ kí n bi yín bóyá ẹ̀yin ti kà á tán."

Sẹ̀gilọlá padà sílé, ó sì kọ ọ́ bó ṣe rí: "Mo gbé lẹ́tà yín sórí pẹpẹ nínú ìjọ wa láìkà á tán. Mi ò mọ̀ pé ó ní ẹ̀yìn. Ẹ̀bi mi ni." Ó fi ìwé àlejò tì í, ó wọ bàtà, ó gbé e lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni èsì dé. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó ka iwájú, ó ka ẹ̀yìn, ó tún un kà. Wọ́n ti yọ owó ìtanràn àti èlé, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà. Kó san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún lọ́wọ́ kan, kó pín ìyókù sí oṣù mẹ́wàá. Géètì rẹ̀ yóò wà ní ṣíṣí. Ọdún kòrónà ṣì wà nínú iye náà, odindi, bí wọ́n ṣe bù ú.

Owó tó ti ń tọ́jú fún ìkórè ìjọ ni yóò fi san ti àkọ́kọ́. Ó fóònù Wòlíì, ó sọ fún un. Wòlíì ní, "Ẹ lọ san án, ìyá."

Ó wọlé, ó kó lẹ́tà náà sínú fáìlì tuntun, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀. Ó dúpẹ́ fún èyí tí wọ́n yọ. Nípa ọdún tí ẹnikẹ́ni kò sùn nílé rẹ̀, tí òun yóò san owó orí rẹ̀, kò rí nǹkan kan sọ. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ díẹ̀ sí i, bóyá yóò gbọ́ nǹkan.