Omi Tí Wọ́n Ní Mo Jí

Màmá mi kì í ṣe ẹni tó máa ń nà mí, ṣùgbọ́n wọ́n nà mí nítorí omi. Ọjọ́ náà ò tíì kúrò lára mi.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, n'Ìbàdàn. Ọyẹ́ ń fẹ́, kànga àdúgbò ti gbẹ. Dúróòmù omi kan ṣoṣo la ní lẹ́yìnkùlé, ìdérí rẹ̀ sì ti dípẹtà dànù. Olùkọ́ ni màmá mi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ sí ìpàdé olùkọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta l'Ọ́yọ̀ọ́, wọ́n fi èédú fàlà sí ibi tí omi dé nínú dúróòmù, wọ́n ní omi inú ìkòkò ni ká máa mu, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ti dúróòmù. Èmi àti ìyá àgbà nìkan la wà nílé, ìyá àgbà ò sì lè dá rìn dé ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí wọ́n dé, omi ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò lójú ìlà. Mo búra pé n ò bù ú. Wọ́n ní, "Omi kì í dédé lọ. Ẹnìkan ló bù ú." Nígbà tí ẹgba di mẹ́fà ní àtẹ́lẹ́wọ́ mi, mo jẹ́wọ́.

Bí mo ṣe di Olè Omi nìyẹn. Màmá mi máa ń fi dápàárá níwájú ọkọ mi, níwájú àwọn ọmọ mi, gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ètè lásán ni. N ò fẹ́ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wọn ju kí wọ́n gbà pé n ò jí omi wọn lọ.

Iṣẹ́ tí mo wá rí ṣe ní Dallas, l'Amẹ́ríkà níbí, omi náà ni. Ilé iṣẹ́ wa ní Coppell ló ń tún àwọn kòtò ńlá tí wọ́n ti wa òkúta wẹ́wẹ́ tán lẹ́bàá odò ṣe. Àwọn awakùsà á gbẹ́ ilẹ̀ títí omi abẹ́lẹ̀ á fi sun. Bí òkúta bá tán, kálukú á bá tirẹ̀ lọ. Kòtò á wá di adágún, á yanu sílẹ̀ fún oòrùn. Èmi ni mo máa ń ka ọ̀pá ìwọ̀n omi tó wà nínú ọ̀kan. Nígbà ooru tó kọjá, omi ibẹ̀ ń lọ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò fà á. Mo wá ibi tó ń jò títí, n ò rí i. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Oòrùn ni. Yẹ̀pẹ̀ la máa fi dí kòtò náà padà, kí omi lè sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀." Haa! Mo mọ̀ pé oòrùn ń gbẹ aṣọ, n ò mọ̀ pé ó lè mu adágún. Dúróòmù yẹn ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn.

Màmá mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Mo fi mọ́tò gbé wọn lọ wo iṣẹ́ wa. Bí wọ́n ṣe rí típà tó ń da yẹ̀pẹ̀ sínú omi tó mọ́ gaara, wọ́n ké, "Yéè! Mo gbé!" Kí n tó tú bẹ́líìtì mi, wọ́n ti lọ dúró síwájú típà tòun ti ìró àti bùbá. "Omi gidi lẹ̀ ń da yẹ̀pẹ̀ sí? Ṣé orí yín pé báyìí?" Mo sáré fà wọ́n sẹ́yìn. Mo ní, "Màámi, oòrùn ló ń mu ún." Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ Olè Omi yìí! Omi kì í dédé lọ. Ẹnìkan ló ń bù ú." Ọ̀rọ̀ ọjọ́sí gan-an, kò yẹ̀ rárá. Inú bí mi, mo fi mọ́tò gbé wọn padà sílé.

Mo gbé ike ìfọṣọ méjì sí ẹ̀yìnkùlé. Omi ìwọ̀n kan náà ni mo bù sí méjèèjì, mo wá da yanrìn sínú ọ̀kan títí yanrìn fi ga ju omi lọ. Mo bu èédú tí a fi ń yan ẹran fún wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n fàlà sí èyí tí kò ní yanrìn. Mo ní ká fún un ní ọjọ́ mẹ́ta. Màmá mi ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ọgbà pa, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró, wọ́n gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣọ́ ike. Bí ẹyẹ bá bà nítòsí, wọ́n á lé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, mo gbọ́, "Ẹ gbà mí o!" Mo sáré jáde. Omi ti fi ìka méjì sọ̀ kalẹ̀ kúrò lójú ìlà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ yanrìn inú ike kejì, omi sì sun sí wọn níka. "Bí a ṣe máa ń gbẹ́ yanrìn odò lẹ́ẹ̀rùn nìyí," ni wọ́n wí. Wọ́n tún wo ike àkọ́kọ́.

"Dúróòmù wa ọjọ́sí," wọ́n ní, "ṣé ó ní ìdérí?"

"Kò ní, Mà."

Wọ́n jókòó sórí sìmẹ́ǹtì. Mo ti rò pé lọ́jọ́ tí èyí bá ṣẹlẹ̀, màá jó. Mo jókòó tì wọ́n ni. Wọ́n fa ọwọ́ mi, wọ́n ṣí àtẹ́lẹ́wọ́ mi, wọ́n ń wò ó.

"Kí ló wá dé tó o fi jẹ́wọ́?"

"Kí ẹ lè dáwọ́ dúró ni, Mà."