Bàbá Mi Wọ Ṣọ́ọ̀ṣì Nítorí Mi

Ẹ gbà mí o! Bàbá mi tó jẹ́ àfáà ká mi mọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi lónìí, níbí ní Ìwó!

Kì í ṣe ìsìn ni mo bá lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, ló wá bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀ lórí bí ẹlẹ́sìn kan ṣe ń bẹ̀rù èkejì. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti búra láàárọ̀ pé ọmọ òun tó bá tẹ ibẹ̀ á jẹ pàṣán.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹni tí a ò wọlé rẹ̀ rí la máa ń bẹ̀rù jù. Ni mo bá bojú wo fèrèsé. Ta ni mo rí? Bàbá mi ni, ó na etí bí ehoro! Ojú wa ṣe mẹ́rin. Òógùn tó bọ́ lára mi lè kún kànga mẹ́ta.

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà rí i. "Ẹ wọlé, bàbá."

"Rárá o. Ọmọ mi ni mo wá mú."

"Ẹ kúkú wọlé wá mú un."

Bàbá mi bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń wọ mọ́ṣáláṣí, ó sì wọlé. Díákónì àgbà kan rí ẹsẹ̀ lásán yẹn, ó dìde, ó fún un ní àga tirẹ̀.

Mo ti ń dìde láti lọ jẹ pàṣán mi. Bàbá mi fà mí: "Jókòó jẹ́ẹ́, jẹ́ ká gbọ́ ìyókù."

Kò nà mí títí a fi délé. Ohun tó sọ ò ju ẹyọ kan lọ: "Ìwọ lo kọ́kọ́ wọlé o, kì í ṣe èmi."

Ìyá mi ti ń bi mí níbi tí a ti ń bọ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni kí n wí?