Ọwọ́ tí Harriet Gbé Sókè

Ní gbogbo Kemta, kò sí ọmọ tó kàwé nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí kò mọ ọwọ́ Harriet Olúbọ̀dé. Ọwọ́ tó le ni. Bó bá gbá ọmọ létí, ọmọ á gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìsìn. Àtòrì rẹ̀ tilẹ̀ ní orúkọ. Olùtùnú ló ń pè é, nítorí ìwé Sáàmù sọ pé ọ̀pá a máa tuni nínú. Àwọn òbí náà a sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fúnra wọn ni wọ́n ń fa ọmọ lé e lọ́wọ́: "Ẹ bá wa nà án dáadáa, mà. Eegun rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ dá padà fún wa."

Ibi tó ti kọ́ ẹgba nínà ò jìnnà. Owódé ni wọ́n bí i sí. Tíṣà ìjọ ni bàbá rẹ̀, a máa nà án ní kíláàsì bí ọmọléèwé, a sì tún nà án nílé bí ọmọ. Lọ́jọ́ tó ṣi àkọ́sórí kà níwájú ìjọ, bàbá náà fi ìgbátí bẹ̀rẹ̀, ó fi bẹ́líìtì parí. Ọwọ́ òsì tí ọmọ náà fi bo orí ni irin bẹ́líìtì bà, ọrùn ọwọ́ náà kán, ó sì jinná ní wíwọ́. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó; èyí tí wọ́n fi na Harriet ò dé àjà rárá, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ sí. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi ti òsì fà á mọ́ra. Ó jọ pé òsì tó wọ́ yẹn ni kò jẹ́ kó ráyè fa ẹnikẹ́ni mọ́ra.

Nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé fẹ́ fẹ̀yìn tì, ojú Harriet wà lára àga rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti sọ nígbà ayé rẹ̀ pé olódo bíi tirẹ̀ ò ní jẹ ọ̀gá níbì kankan. Ó ti pẹ́ tí bàbá wà lábẹ́ ilẹ̀, Harriet ṣì ń bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń yan ọ̀gá ò béèrè fáìlì tí eku ti jẹ etí rẹ̀ mọ́. Pọtifólíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fẹ́: kí tíṣà kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀, àwòrán iṣẹ́ àwọn ọmọ, àti fídíò ibi tó ti ń kọ́ni jọ sójú kan, kí wọ́n lè jókòó sí ọ́fíìsì kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá wọlé kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a jẹ́ pé bàbá ló borí.

Tàófíìkì, tíṣà kékeré tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà, ló bá a tò ó. Ìwé ẹ̀rí wọlé, àwòrán wọlé, ó ku fídíò. Lọ́jọ́bọ̀, Tàófíìkì gbé fóònù sí ojú fèrèsé ẹ̀gbẹ́, Harriet sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Kò pẹ́ tí Mùtíù, ọmọ tó jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú, fi dáhùn pé ìdajì mẹ́jọ jẹ́ mẹ́ta. Harriet gbàgbé fóònù. Ó fa Olùtùnú yọ, ó lé ọmọ náà yí kíláàsì ká, ó nà án lẹ́yìn, ó nà án nítan. Nígbà tí ọmọ sá wọ abẹ́ bẹ́ńṣì, ó wọ́ ọ lẹ́sẹ̀ jáde, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Mà," Tàófíìkì pè é pẹ̀lẹ́, "àwọn tó máa wò ó ò fẹ́ rí ẹgba o."

"Pa á rẹ́ kíá!"

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti Olùtùnú mọ́ inú dúrọ́ọ̀, Tàófíìkì sì tún gbé fóònù sójú fèrèsé. Harriet wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó pe Mùtíù ní "ọkọ mi", ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dẹ́rù ba àwọn kan ju ẹgba lọ. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ ń lọ geerege. Àwọn ọmọ ń dáhùn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Inú Harriet dùn. Ó mú ẹfun, ó yíjú sí pátákó, ó sì gbé ọwọ́ sókè láti kọ ìdáhùn.

Igbe ló gbọ́. Mùtíù ti ṣubú, ẹnu rẹ̀ ti gbá etí tábìlì. Ẹ̀jẹ̀ bo àyà ẹ̀wù rẹ̀, eyín iwájú méjì sì wà nílẹ̀.

"Mi ò fọwọ́ kàn án!" Harriet ń pariwo. "Ọlọ́run ń gbọ́, mi ò fọwọ́ kàn án!"

Ta ló fẹ́ gbà á gbọ́? Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán bora, aṣọ olè ló dà bora.

Ìròyìn dé ọjà Ṣàpọ́n kí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ. Rodiat, ìyá Mùtíù, tó ń ta bàtà ọmọléèwé níbẹ̀, gun ọ̀kadà dé. Rodiat yìí kan náà ló ní eegun ọmọ nìkan ni kí Harriet dá padà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ta ló rántí? Ìgbátí ló fi kí Harriet. Gíláàsì ojú rẹ̀ fò, ó fọ́. Harriet náà kì í ṣe ọ̀lẹ, ó kan ìyá náà lẹ́ṣẹ̀ẹ́ níkùn, wọ́n wọ̀yá ìjà, wọ́n wó lu àga. Rodiat gùn ún láyà, ó di irun rẹ̀ mú, ó ń gbá orí rẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì.

"Eyín ọmọ mi dà? Àgbàyà! Wallahi, màá yọ tìẹ lónìí!"

Tàófíìkì àti ọ̀gá ilé ìwé ló fà wọ́n yà. Ètè Harriet ti ya, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ sinmi ná!" Tàófíìkì ké. "Fídíò wà. Ẹ jẹ́ ká wò ó!"

Wọ́n jókòó yí fóònù ká ní ọ́fíìsì ọ̀gá, Mùtíù dúró ti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú òwú lẹ́nu. Fídíò dá Harriet láre lóòótọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà rárá. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ náà ṣe gòkè, gbogbo kíláàsì ló tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí; ọwọ́ ni àwọn ọmọ wọ̀nyí fi ń ṣọ́ tiwọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá, tí àtòrì pàápàá ò lè kàn, bo orí. Ọmọbìnrin kan ṣì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń bo tirẹ̀. Mùtíù ló tẹ̀ jù, tó fi já lulẹ̀.

"Ẹ ò nà án lóòótọ́," ni Rodiat wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Tàófíìkì tẹnu bọ etí Harriet. "Mà, a lè gé e níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ó ṣì máa wọlé."

Harriet fẹ́ gbà. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn, ó ti la ẹnu láti sọ pé kó gé e. Àsìkò náà ni Rodiat gbé ọwọ́ sókè láti tún ìborùn rẹ̀ tó tú nínú ìjà wé mọ́rí.

Harriet tẹrí ba. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, èyí tó wọ́ lókè, ó sì ká jọ sórí àga, obìnrin tó ti lọ́mọ-ọmọ. Kò mọ̀ pé òun ti ṣe é.

Rodiat ò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ náà sí. Mùtíù ló kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó wá dúró síwájú tíṣà rẹ̀, ó yọ òwú lẹ́nu.

"Ẹ má bẹ̀rù, mà," ló wí. "Ìborùn ni wọ́n fẹ́ wé. Wọn ò ní nà yín."

Ẹkún gbọn Harriet lórí àga náà. Ojú tì í, ìtìjú náà sì dùn ún ju ètè tó ya lọ. Ó ní kí Tàófíìkì má gé nǹkan kan, kó má sì fi pọtifólíò náà ránṣẹ́.