Ta Ló Ní Kí Ìyápọ̀ Má Dáná?

Iná igbó ló pa Ìyápọ̀, gáàdì igbó ọba tó wà lẹ́yìn Ìwéré-Ilé, nínú ọyẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983 yìí. Rédíò ròyìn rẹ̀ lọ́jọ́ kejì: iná jó ọ̀gànwó tí ìjọba gbìn. Wọ́n dárò igi, wọ́n dárò ilẹ̀. Wọn ò dárúkọ ẹni tó kú sáàárín igi. Ṣé èèyàn kì í jóná ni?

Nígbà tí mo ti ìlú òyìnbó dé, tí mo ń kọsẹ̀ nínú Yorùbá, òun ló máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Ọmọ Mákindé, gbé gẹ̀ẹ́sì yẹn jẹ́ẹ́, ọ̀gànwó ò gbọ́ ọ." Lẹ́yìn náà ló máa mú ọwọ́ mi lé ara igi. "Bí o bá fẹ́ gba èèpo fún àgbo, gba díẹ̀ níhà ìlà oòrùn, gba díẹ̀ níhà ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó bá bó o yíká ti sin ín láàyè."

Àwọn ọ̀mọ̀wé wá láti Ìbàdàn. Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, ibi tí wọ́n yàn dára. Òjò ń dín lọ́dọọdún, pẹ̀tẹ́lẹ̀ apá Ṣakí ti ń gbẹ jù fún ọ̀gànwó, àwọn tó ń ta èèpo sì ti bó àgbà igi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n yẹ ilẹ̀ wò, wọ́n yẹ omi wò, wọ́n ní ẹsẹ̀ òkè létí odò ni ọ̀dá kò ní tètè dé. Ibẹ̀ ni wọ́n gbin ọmọ igi sí. Wọ́n wá fi òfin kan dé e lórí: iná kankan kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Iná kankan! Ní Òkè-Ògùn! Ta ni kò mọ̀ pé kí koríko tó gbẹ tán là ń sun ún yí oko ká, kí iná ọyẹ́ lè dé kó má rí nǹkan jẹ? Ìṣojú mi ni Ìyápọ̀ ti bẹ ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n sun etí igbó yìí, koríko ṣì tutù."

"Ìyápọ̀, ìwọ tá a ní kó o máa lé oníná, ìwọ lo tún fẹ́ dáná?"

"Ọ̀gá, bí mi ò bá dá kékeré, ńlá ń bọ̀."

"Dúró de àṣẹ láti Ìbàdàn."

Ó dúró. Koríko gbẹ, ó ga ju èèyàn lọ. Àṣẹ ò dé, iná ló dé. Àárín àwọn ọmọ igi ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀. Sàrátù ìyàwó rẹ̀ kàn ń tún un sọ ni: "Ì bá sá. Odò ò kúkú jìn." Kò sẹ́nì kan láti ọ́fíìsì tó wá síbi ìsìnkú. Àbí àṣẹ làwọn náà ń dúró dè?

Ẹ̀rù ń bà mí. Òjò tún ti lọ kí àkókò rẹ̀ tó pé. Wọ́n ti gbin ọmọ ọ̀gànwó mìíràn sí ẹsẹ̀ òkè kan náà, wọ́n ti fi Ràmọ́nì, àbúrò Ìyápọ̀, ṣọ́ ọ, òfin ò sì yí padà. Mo bi í pé kí ló máa ṣe. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi dúró. Èmi náà ń dúró."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣòfin, ẹ yọjú. Ta ló fọwọ́ sí i nínú yín? Kó wá sí Ìwéré-Ilé, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún Sàrátù. Ṣùgbọ́n kó tó gbéra nílé, kó kọ́kọ́ fún Ràmọ́nì láṣẹ kó dáná. Koríko ti ń pọ́n.