Ọjọ́ Tí Iná Jó Lẹ́yìn Géètì

Àwọn onílé ẹ́sítéètì kan ní Ìkòsì ló gbà mí síṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti lo ọdún díẹ̀ ní ọsibítù ìjọba, ọkọ mi ti bá tirẹ̀ lọ, mo sì ń tọ́ ọmọ méjì nínú yàrá kan ní Alápẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn èèyàn kan fẹ́ dá panápaná tara wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń wá nọ́ọ̀sì tí yóò máa bá áḿbúláǹsì jáde, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó fà á ni pé ilé kan jóná nínú ẹ́sítéètì náà lọ́dún tó ṣáájú. Kí panápaná ìjọba tó dé, òrùlé ti wó sínú pálọ̀. Ẹ̀rù ba àwọn onílé. Wọ́n ra ọkọ̀ panápaná tòkunbọ̀ kan, pupa fòò, tí wọ́n kọ èdè òyìnbó kan tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n tún yọ àwọn àga inú bọ́ọ̀sì kan kúrò, wọ́n fi ibùsùn, agolo ọ́síjìn àti àpótí oògùn sí i, wọ́n kùn ún ní funfun, ó di áḿbúláǹsì. Yàrá kékeré kan lẹ́bàá géètì ni ọ́fíìsì wa, èmi àti dírẹ́bà méjì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, alága ẹ́sítéètì pe àwọn aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ògiri náà wá. Ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì ni, kì í pariwo, aṣọ rẹ̀ kì í rún. Ó ní, "Ti gbogbo wa ni. Iná kò mọ ẹni tó ń gbé nínú àti ẹni tó ń gbé níta." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Àlàájà kan tó ń ta tòmátò ní Mile 12, tí ilé rẹ̀ dojú kọ géètì wa gan-an, ló ṣàdúrà pé Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí iṣẹ́ ṣe. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a ní àmín.

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ panápaná náà jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tó ti ṣiṣẹ́ panápaná ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Awọ apá rẹ̀ òsì ti hunjọ láti ọwọ́ dé ìgúnpá níbi tí iná ti jó o rí. Láràárọ̀ ni yóò ṣáná sí ọkọ̀ náà, yóò yẹ omi inú táǹkì wò, yóò tú rọ́bà omi sílẹ̀ gbalaja, yóò sì tún ká a padà bí ẹni ń ká ẹní. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí mo bá kí i pé "Ẹ kúuṣẹ́, sà," yóò ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé o ti jẹun?"

Kò tó oṣù mẹ́ta tí nǹkan fi yí padà. Ọkọ̀ kan gbá ọlọ́kadà kan lójú títì Ìkòròdú, a sáré lọ, a gbé e dé ọsibítù, ó sì yè. Nígbà tí a padà dé, ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀ áḿbúláǹsì. Màmá kan nínú ẹ́sítéètì rí i, ó figbe ta. Ó ní ṣé ohun tí wọ́n dáwó sí nìyí, kí wọ́n máa fi kó àwọn ará ìta káàkiri? Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri ọ́fíìsì wa: ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ jáde ní géètì láìjẹ́ pé alága fọwọ́ sí i. Èmi ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ méjèèjì, kí n sì máa pe alága lórí fóònù.

Bàbá náà dúró níwájú ìwé yẹn, ó kà á tán. Ó ní, "Wọ́n ti sọ wá di ajá ìṣọ́." Ó lọ ká rọ́bà rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, Sátidé ìmọ́tótó ni, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, tí ọkọ̀ kì í rìn títí aago mẹ́wàá àárọ̀. Àdúgbò dákẹ́. Ìró ìgbálẹ̀ nìkan lò ń gbọ́, àti ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó ẹrẹ̀ gọ́tà. Lákòókò yẹn, kẹrosíìnì tí wọ́n ti po pẹtiróòlù mọ́ wà káàkiri, a sì ń gbọ́ lóríṣiríṣi pé ó ń bú mọ́ èèyàn lójú. Ọmọ Àlàájà tó bímọ láìpẹ́ ló ń gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kaná lórí sítóòfù. A gbọ́ gbàù kan. Mo rò pé táyà ló bẹ́. Ìgbà tí mo yọjú, èéfín dúdú ti ga ju ògiri wa lọ.

Àlàájà ló kọ́kọ́ dé géètì. Ìró ìdí rẹ̀ ń tú, ọmọ jòjòló wà lẹ́yìn rẹ̀, orí rẹ̀ kò ní gèlè. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lu irin géètì.

"Ẹ gbà mí! Ẹ gbà mí o! Ọmọ mi wà nínú iná!"

Bàbá panápaná ti wọ bàtà rẹ̀ kí n tó dìde. Mo gbé fóònù. Alága kò gbé e. Mo tún pè é. Ó gbé e.

"Sà, iná ni. Ilé Àlàájà tó wà ní ọ̀ọ́kán."

Ó ní, "Ó súnmọ́ ògiri wa?"

"Títì ló wà láàárín, sà."

"Atẹ́gùn ń gbé e bọ̀ wá síbí?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nínú ilé, ó ti jóná, sà, abiyamọ ni."

"Ẹ pe panápaná ìjọba. Ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ jáde. Tí iná bá sọ nínú níbí nísinsìnyí, tí táǹkì ti gbẹ, kí ni kí n wí fún àwọn onílé?"

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ká tiẹ̀ gbé áḿbúláǹsì nìkan."

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ṣì fẹ́ràn iṣẹ́ yín?"

Bó ṣe wí nìyẹn. Kò jágbe mọ́ mi. Ó pè mí ní ẹ, bí ọmọlúwàbí ṣe ń pe ẹni tí kò mọ̀ dáadáa. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá panápaná dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. "Kí ló wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní ká má jáde, sà."

Kò bá mi jiyàn. Ó rìn wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ panápaná kúrò lára ìṣó tí mo fi í kọ́, ó sì tọ́ka sí èkejì. Ó ní, "Mú ìyẹn dání, kí o bọ́ sínú áḿbúláǹsì. Dírẹ́bà rẹ̀ ti wà nídìí ọkọ̀." Ó jáde.

Mo jókòó.

Títí di òní, mo ti gbìyànjú láti wá ohun mìíràn tí mo ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn, bóyá mo dìde, bóyá mo na ọwọ́. Mi ò ṣe nǹkan kan. Mò ń ronú owó ilé-ìwé. Mò ń ronú onílé mi ní Alápẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó, mo sì jókòó, mo gbé fóònù dání.

Máìgádì kọ̀ láti ṣí géètì. Ó ń sunkún, ó ń sọ fún bàbá náà pé alága ti pe òun náà, pé wọn yóò lé òun. Bàbá náà yọ orí síta. "Ọ̀rẹ́ mi, kúrò lójú ọ̀nà. Sọ fún wọn pé èmi ni." Máìgádì yẹra. Ọkọ̀ náà sún sẹ́yìn, ó sì kọlu géètì. Irin hó. Ó kọlù ú lẹ́ẹ̀kejì, apá kan géètì ya, ó wó lulẹ̀, ọkọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá.

Àlàájà rí áḿbúláǹsì tó dúró gbọn-in lẹ́yìn ibẹ̀. Ó rí mi lójú fèrèsé, pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù funfun lọ́rùn mi.

"Nọ́ọ̀sì! Jọ̀ọ́! Ọmọ mi!"

Mo gbé fóònù sókè, mo tọ́ka sí i, bí ẹni pé mo ṣì ń dúró de ìdáhùn. Mo ti gba ìdáhùn.

Ó dúró, ó wò mí, ó sì sáré padà síbi iná.

Bàbá náà àti àwọn ọkùnrin àdúgbò pa iná yẹn. Omi táǹkì tó, ó tiẹ̀ kù. Yàrá ìdáná àti ọ̀kan tó tẹ̀ lé e ló jóná, iná kò kan ìyókù. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti jó láti àyà dé ojú. Nítorí kò sí ọkọ̀ lójú títì, bárò tí wọ́n fi ń kó ẹrù ní Mile 12 ni wọ́n fi gbé e. Wọ́n da ìró tútù bò ó, ọkùnrin méjì ń tì í, ìkẹta ń gbá orí rẹ̀ mú kó má baà lu irin. Ọsibítù aládàáni àkọ́kọ́ ní àwọn kò lè gbà á. Èkejì ní kí wọ́n gbé e lọ sí ti ìjọba. Ọ̀sán ni wọ́n tó gbé e débi tí wọ́n ti fi omi dírípù sí i lára.

Mo mọ gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe fún un. Mo ní omi dírípù. Mo ní ọ́síjìn. Mo ní aṣọ mímọ́ tí a fi ń bo ojú egbò iná, ó wà nínú ọ̀rá tí ẹnikẹ́ni kò tíì já. Ọjọ́ kẹrin ni obìnrin náà kú.

Àwọn onílé pe ìpàdé. Wọn kò pè é nítorí òkú, nítorí géètì ni. Alága ní kí n kọ ohun tí ojú mi rí sílẹ̀. Mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ pé bàbá panápaná já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ mi tipátipá. Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ "tipátipá". Èmi ni mo fi í síbẹ̀ fúnra mi, kí wọ́n má baà bi mí pé kí ló dé tí mo fi jẹ́ kó mú un.

Akọ̀wé kà á sókè níwájú gbogbo èèyàn. Bàbá náà dúró níbẹ̀. Kò wo alága, èmi ló wò.

Alága ní, "Bàbá, ṣé ẹ ní ohunkóhun láti sọ sí i?"

Ó ní, "Bí nọ́ọ̀sì bá ti wí, bẹ́ẹ̀ ló rí."

Wọ́n ní kó máa lọ. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí tábìlì wọn, ó sì jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Wẹ́dà kan ń jó irin géètì tuntun lọ́wọ́ nígbà tó kọjá. Ó kí i pé ó kú iṣẹ́.

Mi ò lọ síbi fìdáù. Ó tó oṣù méjì kí n tó lọ bá Àlàájà ní Mile 12. Ó jókòó sórí àpótí láàárín agbọ̀n tòmátò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já láti ilẹ̀ Hausa, ó ń ṣa èyí tó ti rọ̀ sọ́tọ̀. Ọmọọmọ rẹ̀ ń sùn lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń bá a tajà. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, mà. Mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni, mà."

Mo ti múra irọ́ yẹn sílẹ̀ láti ilé.

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo rí ọ."

Ó tún mú tòmátò mìíràn.

"Bàbá tó fọ́ géètì wá síbi fìdáù ọmọ mi. Mo bi í léèrè rẹ. Mo ní nọ́ọ̀sì yẹn ńkọ́, kí ni mo fi ṣe é? Ó ní n má bínú sí ọ. Ó ní o lọ́mọ, ẹ̀rù ló bà ọ́." Ó ju tòmátò kan sínú garawa àwọn tó bàjẹ́. "Ọmọ mi náà bímọ."

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ títí alábàárù kan fi ní kí n yẹra fún òun. Àlàájà ní, "Dìde, o ń dí wọn lọ́nà." Ohun tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Ó wù mí kí n sọ pé mo fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mi ò fi í sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀ fún bí ọdún kan sí i. Wọn kò rí awakọ̀ panápaná mìíràn tó dúró pẹ́, bátìrì ọkọ̀ náà kú, àwọn onílé kò dáwó mọ́, wọ́n tà á fún àwọn tó ń gé irin ní Òwòdé Onírin. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ní kí n máa lọ. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀rí fún mi pé mo jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ṣeé fọkàn tán. Ìwé yẹn ni mo fi wá iṣẹ́ mìíràn.

Mo gbọ́ pé bàbá panápaná ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ ti ọ̀nà Ìkòròdú, lápá ibi tí odò ti máa ń wọlé tọ àwọn èèyàn lọ nígbà òjò. Kò jìnnà sí mi rárá, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni láti Kétu. Máìgádì àtijọ́ ti júwe ilé náà fún mi, ó ní bàbá náà máa ń béèrè mi. Lọ́dọọdún ni mo máa ń sọ pé lẹ́yìn ọdún yìí, màá lọ. Ìgbà tí mo tún rí máìgádì yẹn ní Kétu, ó ní wọ́n ti gbé bàbá náà lọ sílùú rẹ̀, wọ́n ti sin ín. Ó bi mí bóyá mo ráyè lọ kí i kó tó kú.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.