Ọ̀pá Ẹ̀rọ Awárin Tí Mo Tún Ṣe ní Ìkòtún

Ẹni tó ga dáadáa ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà fún. Èmi kúrú. Ibi tí gbogbo wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Ìkòtún ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, nínú yàrá kan àti pálọ̀ tí a háyà. Ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, mo sì rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ kọntirakítọ̀ kan tí wọ́n ní kó wá ojú ọ̀nà páìpù epo bẹntiróòlù tó gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá lápá Ìjẹ̀gùn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ri páìpù náà mọ́lẹ̀. Àwọn òpó kéékèèké tí wọ́n fi sàmì sí i ti wó, àwọn kan ti di òkúta ìdáná nílé àwọn èèyàn, ilé tuntun sì ń wọ́ bọ̀ láti ọ̀nà Ìgándò. Iṣẹ́ tiwa ni pé ká wá páìpù náà rí, ká kan èèkàn tuntun sórí rẹ̀, kí ẹnìkan má baà gbẹ́lẹ̀ kàn án.

Ẹ̀rọ awárin la fi ń ṣe é. Ọ̀pá gígùn kan ni. Àwo róbótó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí a máa ń fì sọ́tùn-ún sósì lórí ilẹ̀, àpótí bátìrì sì wà lókè, níwájú ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Bí àwo bá ti kọjá lórí irin, ẹ̀rọ á ké fíìì.

Nítorí pé ọ̀pá náà gùn jù fún mi, mo ní láti ká apá mi sókè kí àwo má baà máa gbálẹ̀. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà níwájú. Kí oòrùn tó mú, irora á ti gba ọrùn ọwọ́ mi dé ìgbọ̀nwọ́, á gun èjìká, á wá dúró sí ẹ̀yìn ọrùn. Bí mo bá délé, ọwọ́ òsì ni mo fi ń gbé ìkòkò kalẹ̀ lórí iná. Síbẹ̀, kì í ṣe irora yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí apá bá ti kú, mi ò ní lè fì í dọ́gba mọ́, àwo á máa gbéra sókè lọ́tùn-ún àti lósì láìjẹ́ pé mo mọ̀, bó bá sì ti gbéra jù, kò ní gbọ́ irin tó jìn. Mo lè rìn kọjá lórí páìpù kí n rò pé ilẹ̀ lásán ni.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọ̀gá wa rí mi níbi tí mo ti gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ tí mo ń fi ọwọ́ tẹ èjìká.

"Màdáàmù, iṣẹ́ yìí wúwo fún ẹ o," ó ní. "Tó bá di Mọ́ńdè, wá jókòó sí ọ́fíìsì. Màá wá ọkùnrin kan tó máa gbé e."

Mo mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ kankan tó ń dúró dè mí ní ọ́fíìsì. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń lé èèyàn wọ́ọ́rọ́wọ́ ni.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe iṣẹ́ ló wúwo. Ọ̀pá yẹn ni kò bá mi lára mu. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sílé, màá tún un ṣe."

"Ọ̀pá tí òyìnbó ṣe ni o fẹ́ tún ṣe?" Ó wojú mi títí. "Tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ, má padà wá o."

Mo fi ìró wé ẹ̀rọ náà, mo gbé e sórí itan mi nínú ọkọ̀ títí dé Ìkòtún, ọkàn mi ò sì balẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo tú ọ̀pá rẹ̀ kúrò, mo tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gé irin kan lára àga wa tó ti kán, mo so àwo mọ́ ọn nísàlẹ̀, mo so àpótí mọ́ ọn lókè, mo wá tan án. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo gbé e sókè, ó ń ké. Mo gbé e jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń ké. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé o ò tíì bà á jẹ́ ṣá?"

Ó pẹ́ kí n tó rántí pé irin ni mo so mọ́ ohun tó ń wá irin. Mo tú u kúrò, igbe náà sì dákẹ́ wáí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí símẹ́ǹtì.

Páìpù rọ́bà tí àwọn oníṣẹ́ omi ń lò ni mo rà lọ́jà, méjì, tí ọ̀kan lè wọnú èkejì. Mo mú ìṣó gbóná lórí sítóòfù, mo fi lu wọ́n níhò, mo sì fi igi gbẹ́ èèkàn kékeré tó máa há wọn mọ́ra, kí n lè fà á gùn tàbí kí n dín in kù bí mo bá ṣe fẹ́. Fún ibi tí apá máa sinmi lé, mo la páìpù tó nípọn, mo yan án lórí iná títí ó fi rọ̀. Ọkọ mi fi aṣọ tútù wé apá mi, ó sì tẹ páìpù náà mọ́ ọn.

"Ó ń jó ẹ?"

"Díẹ̀. Má tíì tú u."

Bó ṣe tutù, ó ti gba bí apá mi ṣe rí. Mo gé bàtà sílípáàsì tó ti gbó, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú rẹ̀. Mo fi tíúbù kẹ̀kẹ́ wé ibi ìdìmú. Ó wá ku àpótí bátìrì, tí mo fẹ́ kó bọ́ sẹ́yìn ìgbọ̀nwọ́, kó máa fa ìwúwo àwo padà. Wáyà rẹ̀ ò gùn tó bẹ́ẹ̀.

Mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá. Nígbà tó fẹ́ gé wáyà náà, mo yíjú sẹ́yìn. Ó fi òjé jó wáyà tuntun mọ́ ọn, ó tan án. Kò dún. Ó fi súkúrù-dúráfà kan àwo náà, kò dún rárá.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe é?"

"Ẹ fún mi láyè, jàre."

Ó tú u, ó wò ó, ó ṣe háà. Ó ti fi wáyà méjèèjì sí ipò ara wọn. Nígbà tó yí wọn padà tí ẹ̀rọ náà ké, mo ní kó tún fi súkúrù-dúráfà kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá wo ohun tí mo gbé wá, ó kàn mi orí. Ṣùgbọ́n mo rìn, mo ń fì í, apá mi sì rọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bíi pé mò ń gbafẹ́. Àwo náà ò gbéra sókè. Oòrùn mú, mi ò sì sinmi.

Ọ̀sán la dé ọ̀dọ̀ bàbá kan tó jẹ́ ara àwọn onílẹ̀. Ó ti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, agbẹ́kànga sì wà nínú ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ihò náà ti mù ún dé àyà, dígà rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Òpó àmì àtijọ́ kan wà ní òdìkejì títì. Mo kàn ń kọjá lọ ni. Ẹ̀rọ ké.

Mo rọra rìn sọ́dọ̀ ihò. Igbe náà ń le sí i.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ dákun, ẹ dá dígà yẹn dúró!"

Bàbá náà yọjú. "Kí ló dé? Òdìkejì títì ni páìpù wọn wà. Bí wọ́n ṣe fi hàn wá nìyẹn."

"Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀rọ gbọ́ nǹkan níbí."

"Wàláhì, ẹ̀ ń wá bí ẹ ṣe máa gba ilẹ̀ mi ni."

Ọ̀gá fa mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Irin wo ló wà lára nǹkan tí o ṣe yìí? Ìwé àwọn tó ni páìpù ò sọ pé ó gba ibí."

"Kò sí irin kankan lára rẹ̀, sà. Ẹ wò ó." Mo gbé àwo sókè, ó dákẹ́. Mo lọ gbé e sórí koríko lọ́ọ̀ọ́kán, ó dákẹ́. Mo padà sẹ́nu ihò, ó ké.

Agbẹ́kànga náà ò dúró kí wọ́n parí ọ̀rọ̀. Ó ti gbọ́ "páìpù". Ó fi dígà sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ẹnu ihò, ó fò jáde. Ọ̀gá ní kí ó fi okùn fa dígà náà sókè, kó gbé e jìnnà. Lẹ́yìn náà ni mo yọ èèkàn igi kúrò, mo fa ọ̀pá mi gùn títí ó fi parí, mo dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa, mo sọ àwo kalẹ̀ sísàlẹ̀ ihò. Igbe náà ò dá mọ́. Apá mi ò gbọ̀n.

Ọ̀gá bọ́ bàtà rẹ̀. Ó fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó fi abọ́ ìke ń họ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́ tó fi dúró. A rí ohun dúdú tó ń dán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀dà tí wọ́n fi kun ẹ̀yìn páìpù.

Ó gòkè wá, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀, ó bo ojú.

"Ẹ di ihò yìí," bàbá náà sọ níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó wo ìpìlẹ̀ ilé rẹ̀ láti igun dé igun, ó sì yí padà lọ sílé láìkí ẹnikẹ́ni. Mi ò bá a wí. Ilé ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni, kò sì ní lè kọ́ ọ síbẹ̀ mọ́.

Ọwọ́ la fi da iyẹ̀pẹ̀ padà. Nígbà tí a parí, agbẹ́kànga náà ní kí n jẹ́ kóun wo ẹ̀rọ náà. Ó ki apá rẹ̀ bọ ibi ìsinmi apá, kò gbà á.

"Ó há mọ́ mi o," ó ní, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Omi ti wà lójú rẹ̀.

Nínú ọkọ̀, ọ̀gá ní kí n ṣe irú rẹ̀ sí ẹ̀rọ kejì. Mo ní mo gbọ́. Mo gbé ẹ̀rọ náà sórí itan mi, mo sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí mo fi sọ̀ ní Ìkòtún.